Àtẹ̀gùn lo gùn, atẹ́gùn kọ́ ló wọ́n ọ

Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 600, ẹni tó bá sì ti gùn ún rí mọ̀ pé kí ó tó dé ìdajì ni orúnkún ti máa ń bẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ tí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ síbẹ̀, a ò tíì gùn jìnnà tó fi di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, tó tẹ̀ síwájú, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó lé ọ̀yà. Ọmọ ọdún 26 ni o. Kò fa sìgá rí, kò sì sí àìsàn kankan lára rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ dúró ná. Ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ ò wọlé mọ́." Ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìyá àgbà kan gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó ru igbá, ó ń lọ sókè, kò sì dúró kó tó kí wa: "Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọmọ."

Ohun tí ọmọ yẹn sọ, gbogbo wa la máa ń sọ ọ́. A sáré lé ọkọ̀, a gbé kẹ́ẹ̀gì omi gòkè, a bá àwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èémí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò, a sì gbà pé afẹ́fẹ́ ló wọ́n wa. Ó jọ òótọ́, àmọ́ irọ́ ni. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tó ń mí hẹlẹ yẹn pọ̀ ju èyí tí ara lè lò lọ. Ibòmíràn ni nǹkan ti ń há, ó sì yẹ kéèyàn mọ ibẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè sá fún eré ìdárayá lásán. Ẹlòmíràn sì wà tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń ṣàìsàn ní tòótọ́, tó ń sọ pé ọjọ́ orí ni.

Fùkù àti ẹwìrì

Ẹni tó bá ń ra ẹran lọ́jà mọ fùkù. Òun ni ẹran tó fúyẹ́, tó rọ̀ bíi fóòmù, tó máa ń léfòó nínú ìkòkò nígbà tí ẹran yòókù bá rì. Ẹ̀dọ̀fóró màlúù nìyẹn, tiwa náà kò sì jìnnà sí i. Ohun tó jẹ́ kó fúyẹ́ ni àwọn àpò wẹ́wẹ́ tó kún inú rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí. Nínú èèyàn kan ṣoṣo, wọ́n lé ní 300 mílíọ̀nù. Ká ní a lè tú wọn ká, ká tẹ́ wọn sílẹ̀ bí ẹní, wọn yóò gba ilẹ̀ tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 7. Ilẹ̀ fúláàtì kan ló wà nínú àyà wa yẹn, tí a ká jọ.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ẹ̀dọ̀fóró kò ní iṣan tó fi ń mí. Bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ló rí. Ẹwìrì kì í fẹ́ ara rẹ̀, ọmọṣẹ́ ló ń fẹ́ ẹ. Ọmọṣẹ́ tiwa ni iṣan pẹlẹbẹ kan tó là àyà àti ikùn láàárín, tó tẹ̀ sókè bí ọmọrí ìkòkò, pẹ̀lú àwọn iṣan tó wà láàárín egungun ìhà. Bí iṣan pẹlẹbẹ náà bá sọ̀kalẹ̀, àyà á fẹ̀, afẹ́fẹ́ á rọ́ wọlé. Tí a bá jókòó jẹ́ẹ́, èémí tó ń jáde kì í gba agbára. Fùkù á kàn sún kì padà fúnra rẹ̀. Nígbà tí a bá ń sáré ni iṣan ikùn máa ń bá wa tì í jáde, ó sì wà lára ìdí tí ikùn ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fi máa ń ro ó lọ́jọ́ kejì.

Báwo ni afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó? Ẹni tó bá jókòó ń mí nǹkan bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Èémí kan tó ìdajì lítà, ìyẹn omi inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. Ọ̀rá 12 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ lítà 6. Jẹ́ kí ẹni yẹn gan-an sáré tagbára-tagbára: èémí rẹ̀ lè di 40 sí 50 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì jinlẹ̀ tó lítà méjì tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lítà 100 nìyẹn. Ẹni tó bá ń ta omi mọ ohun tí mò ń wí: àpò píọ̀ wọ́tà kan, ọ̀rá 20, lítà 10 ni. Àpò mẹ́wàá ni àyà rẹ ń kó wọlé tó sì ń kó jáde ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Àwọn sárésáré tó gbóná lè kọjá àpò 15.

Nínú afẹ́fẹ́ tí a ń fà símú, ọ́síjìn jẹ́ ìdá 21 nínú ìdá 100. Nínú èyí tí à ń mí jáde, nǹkan bí ìdá 16 ṣì ń bẹ níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni a kò lò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni, mímí sí ẹni tó rì sómi lẹ́nu láti jí i kò ní wúlò rárá. Ẹ tún wo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka ní ilé ìwòsàn láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi há ìka ẹni tí ara rẹ̀ le nígbà tó ń mí hẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, ẹ óò rí i pé ó ṣì wà ní 95 sókè, bó ṣe wà nígbà tó jókòó. Ẹ̀jẹ̀ kún fún ọ́síjìn, ènìyàn sì ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn.

Èéfín ló ń lé wa

Iná ló ń jó nínú iṣan wa. Ṣúgà àti ọ̀rá oúnjẹ ni igi rẹ̀, ọ́síjìn ló ń fẹ́ ẹ, ó ń mú ooru wá, ó sì ń rú èéfín. Kábọ́nì-dayọ́sáìdì ni èéfín ọ̀hún. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń le sí i ni iná ń gbóná sí i, tí èéfín sì ń pọ̀ sí i. Èéfín yìí kì í ṣe ohun tí ara lè fi sílẹ̀ kó kóra jọ, torí pé ó máa ń sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan. Nítorí náà, ní ìpàkó, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn olùṣọ́ kan wà tí wọn kì í sùn, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa tọ́ èéfín inú ẹ̀jẹ̀ wò. Bó bá fi díẹ̀ lé, wọ́n á pàṣẹ fún ọmọṣẹ́ ẹwìrì pé kó yára.

Ẹ rántí ilé ìdáná tí wọ́n ti ń fi igi tútù dáná. Ẹni tó bá sá jáde níbẹ̀ kò sá nítorí pé afẹ́fẹ́ tán. Èéfín ló lé e. Èémí hẹlẹhẹlẹ tí a ń mí náà, iṣẹ́ pàtàkì rẹ̀ ni láti gbá èéfín jáde. Ara sì gbọ́n ju kó dúró de ìgbà tí èéfín bá kún ilé. Bí ẹsẹ̀ bá ti ṣí báyìí, ọpọlọ àti iṣan ẹsẹ̀ á ti ránṣẹ́ sí èémí kó múra sílẹ̀. Ẹ kíyè sí ara yín: ní ìṣísẹ̀ kejì tàbí ìkẹta lórí àtẹ̀gùn ni èémí ti ń yí padà, nígbà tí iná kò tíì ràn dáadáa.

Ẹni tó bá fẹ́ rí agbára èéfín yìí, kó di imú àti ẹnu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó máa fipá mú un la ẹnu nígbẹ̀yìn kì í ṣe ọ́síjìn tó tán. Èéfín tó kóra jọ ni. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fetí sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ máa ń ṣe nǹkan kan: wọ́n á mí gúlegúle bí ìgbà mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n tó rì sábẹ́ omi, kí wọ́n lè pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n rò pé ọ́síjìn làwọn ń kó pamọ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti kún fún un tẹ́lẹ̀, kò sáyè àfikún. Èéfín ni wọ́n gbá jáde kọjá ààlà. Tí wọ́n bá dé abẹ́ omi, ọ́síjìn á máa tán lọ, ṣùgbọ́n èéfín tó yẹ kó lù wọ́n lágogo pé "ẹ jáde" kò tíì pọ̀ tó láti lu agogo. Ojú á kàn ṣú lójijì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn yìí máa ń bá, torí òun ló máa ń dán an wò.

Alábàárù kò tó

Tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ tó báyìí, kí ló ń rẹ ẹsẹ̀? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ọjà Bódìjà ní ìdájí, nígbà tí ọkọ̀ ata àti tòmátì bá dé láti òkè Ọya. Ata pọ̀ débi pé ó ń tú dànù. Síbẹ̀ ìyá alátà tó wà lọ́hùn-ún, ní ìdí ọjà, ń pariwo pé ata òun kò dé. Kí ló fà á? Alábàárù kò tó. Ẹ̀dọ̀fóró ni ibi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù. Iṣan ẹsẹ̀ ni ìyá alátà. Ẹ̀jẹ̀ ni alábàárù, ọkàn ló sì ń tì wọ́n lọ.

Ọkàn ẹni tó jókòó ń tú nǹkan bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá sáré dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó lè tó lítà 20. Ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Láti lítà 6 dé 100, ó ju ìlọ́po 15 lọ. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀nà ti há. Ẹ̀dọ̀fóró ṣì ní àyè nílẹ̀ nígbà tí ọkàn bá ti dé òpin agbára rẹ̀. (Àwọn sárésáré olókìkí kan wà tí ọkàn wọn lágbára débi pé ẹ̀jẹ̀ ń sáré gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá kó tó ráyè kó ẹrù rẹ̀ tán. Ìṣòro olówó nìyẹn, kò tíì kàn èmi àti ẹ.)

Èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó máa ń mí hẹlẹ lórí àtẹ̀gùn mẹ́wàá péré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà púpọ̀ lóṣooṣù, oyún, ibà tó ń padà wá, aràn inú, àìjẹun dáadáa, fòníkú-fọ̀ladìde, gbogbo ìwọ̀nyí ló ń dín alábàárù kù. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá kan pé àyà ń dùn àwọn, wọ́n sì ti ń lo oògùn ikọ́ fún oṣù méjì, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kí wọ́n lọ yẹ̀ wò.

Ìyá tó ru igbá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lórí Òkè Ìdànrè ńkọ́? Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò dára ju ti ọmọ ọdún 26 yẹn lọ. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni agbára ẹ̀dọ̀fóró ti máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀, àgbà kò sì lè fi eré ìdárayá sọ ọ́ di ńlá. Ohun tí òkè tó ń gùn lójoojúmọ́ yí padà lára rẹ̀ wà níbòmíràn. Ọkàn rẹ̀ ń tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde nígbà kan ṣoṣo tó bá lù. Òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ti pọ̀ sí i nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ilé iná kéékèèké inú iṣan náà ti pọ̀, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń lo ọ́síjìn tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn láìfi ṣòfò. Nítorí náà, lórí àtẹ̀gùn kan náà, èéfín tí iṣan rẹ̀ ń rú kéré sí ti ọmọkùnrin wa, kò sì sí ohun tí olùṣọ́ ìpàkó fẹ́ pariwo lé lórí.

Gbèsè

Àwọn eré kan wà tí èémí kò tilẹ̀ bá wọn dá sí i. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fo igi mẹ́wàá lórí eré 100 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Kò sí obìnrin kankan tó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ náà. Ọ́síjìn tó fà símú láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjìlá yẹn kò lè ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Kí alábàárù tó kó o dé ẹsẹ̀, eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Agbára tí iṣan ti kó pamọ́ tẹ́lẹ̀ ló fi sáré. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbogbo àwọn tó ń sáré eré kúkúrú lẹ́yìn tí wọ́n bá kọjá ìlà: ọwọ́ ń bẹ lórúnkún, àyà ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì. Wọn kò sáré mọ́, kí ni wọ́n ń mí sí?

Gbèsè ni wọ́n ń san. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, A. V. Hill, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1922, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀: gbèsè ọ́síjìn. Ara ná ohun tó wà ní ìpamọ́, ó sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé ìṣirò gbèsè náà kò rọrùn tó bí Hill ṣe rò ó, torí ooru ara àti ọkàn tó ṣì ń lù kíkankíkan náà ń jẹ ọ́síjìn, àmọ́ orúkọ náà ti mọ́ ọn lára.

Níbi gbèsè yìí náà ni ọ̀rọ̀ ásíìdì ti wọlé, ìyẹn ohun kíkan tí iṣan máa ń mú jáde, tí wọ́n ń pè ní láktíìkì ásíìdì. Bí iṣẹ́ bá le kọjá ohun tí ọ́síjìn lè gbé, iṣan á máa dáná láìsí ọ́síjìn, ẹ̀jẹ̀ á sì máa kan. Láti pa kíkan náà, ẹ̀jẹ̀ á tún rú èéfín mìíràn jáde, lórí èyí tó wà nílẹ̀. Lójijì ni èémí á fò sókè, ènìyàn kò sì ní lè sọ ju ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta lọ kó tó mí. Ọ̀pọ̀ ló ń pe ásíìdì yìí ní májèlé, wọ́n ní òun ló ń mú kí ẹsẹ̀ máa ro wọ́n lọ́jọ́ kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí kan sí méjì, ara á ti kó o kúrò, ọkàn gan-an sì máa ń fi í dáná. Ìrora ọjọ́ kejì wá láti inú iṣan tó fàya wẹ́wẹ́ nítorí iṣẹ́ tí kò bá a mu tẹ́lẹ̀.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ti wọ́n ní tòótọ́

Ibì kan wà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ì bá ti jàre. Ní ọdún 1968, wọ́n ṣe ìdíje Òlíńpíìkì ní Mexico City, ìlú tó ga ní mítà 2,240 ju òkun lọ. Ọ́síjìn ibẹ̀ ṣì jẹ́ ìdá 21 nínú ìdá 100, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò sí agbára tó fi ń ti ọ́síjìn wọ inú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń sáré kúkúrú tàbí tó ń fò gbádùn ibẹ̀, torí afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ kì í di ènìyàn lọ́wọ́: ibẹ̀ ni Bob Beamon ti Amẹ́ríkà ti fo mítà 8.90 nínú ìdíje fífò jìnnà. Àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn rí màbo. Ron Clarke ti Ọsirélíà, tí àmì tó dára jù lágbàáyé fún eré 10,000 mítà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣe ipò kẹfà, ó sì ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn ìlà. Àwọn mẹ́ta tó ṣíwájú wá láti Kẹ́ńyà, Etiópíà àti Tùnísíà. Naftali Temu ti Kẹ́ńyà tó gba wúrà àti Mamo Wolde ti Etiópíà tó tẹ̀ lé e, orí òkè ni wọ́n ti dàgbà.

Òkè Ìdànrè kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi bojú.

Nígbà tí ọ̀nà èémí bá há

Ó wá ku àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ń ṣàìsàn lóòótọ́. Ikọ́ sémìísémìí, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ásímà, ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí a bá ń mí jẹ́ẹ́, imú ló ń mú kí afẹ́fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó ní ọ̀rinrin, kó sì mọ́. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ, ẹnu la fi ń gbà á, gbígbẹ ló sì ń wọlé. Ara ọ̀nà èémí á gbẹ, lára ẹni tó ní ásímà, iṣan tó yí i ká á sì fún un pọ̀. Ní àkókò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ tó sì kún fún eruku, ó máa ń burú jù.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tó ṣáájú lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó bá dúró, èémí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó ní ásímà, ẹ̀yìn tó bá dúró gan-an ni nǹkan lè wá le sí i: àyà á há, á máa wúkọ́, èémí rẹ̀ á máa dún fíì-fíì bí ọmọ ológbò, ó sì lè tó bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí ogún lẹ́yìn eré. Olùkọ́ tó bá rí ọmọ iléèwé tó ń wúkọ́ lẹ́yìn gbogbo eré sísá kò gbọ́dọ̀ pè é ní ọ̀lẹ.

Ìyẹn kò ní kí ó má ṣeré mọ́. Paula Radcliffe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ásímà láti ìgbà ọ̀dọ́langba. Ní London ní ọdún 2003, ó sáré máratọ́ọ̀nù ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 25, ó sì tó ọdún 16 kí obìnrin mìíràn tó sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí èèyàn rọra mú ara gbóná kó tó sáré, kó fi aṣọ bo imú àti ẹnu nígbà ọyẹ́, kó sì fa oògùn inú ìnhélà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ṣáájú bí dókítà bá ti sọ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlúwẹ̀ẹ́ máa ń bá wọn lára mu, torí afẹ́fẹ́ ojú omi kì í gbẹ.

Èéfín ìta ni ọ̀tá kejì. Sìgá ni gbogbo wa mọ̀, àmọ́ ìyá tó ti ń fi igi dáná nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ kéré fún ogún ọdún náà ti fa èéfín, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì lè ti máa le bí fóòmù àtijọ́. Jẹnẹrétọ̀ ní tirẹ̀ ń tú gáàsì kan jáde tí kò ní òórùn, kábọ́nì-mọnọ́sáìdì. Gáàsì yìí máa ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹ fojú inú wo alábàárù tí wọ́n ti di òkúta lé lórí: ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, kò sí àyè fún ata. Ohun tó ń pa odindi ìdílé mọ́jú nìyẹn. Fún ẹni tó ń sáré ìdárayá lẹ́bàá títì lákòókò gó-sìló, tàbí jíìmù tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wà nídìí fèrèsé, ìyẹn náà ni. Lítà 100 ní ìṣẹ́jú kan lẹ ń fà. Ẹ yan ibi tí ẹ ti ń fà á. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, ní àdúgbò tí ọkọ̀ kì í ti í gbà, sàn ju ìrọ̀lẹ́ ojú títì lọ.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń mí, àwọn èèyàn ń fi íntánẹ́ẹ̀tì da ara wọn láàmú. Wọ́n ní imú nìkan ni kéèyàn fi mí. Ó dára tí ẹ bá ń rìn. Bí eré bá le, imú kò lè gba àpò píọ̀ wọ́tà mẹ́wàá, ẹ la ẹnu yín. Tí ìhà bá ń gún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ dín eré kù, ẹ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ mí jinlẹ̀. Ẹ má sì jẹun yó kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹni tó bá ń gbé irin kò gbọ́dọ̀ di èémí mú nígbà tó ń tì í sókè, pàápàá tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, torí ìfúnpá rẹ̀ á ta sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kó máa fẹ́ èémí jáde bó ṣe ń tì. Tí èémí bá sì dé òpin, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ fọwọ́ ti orúnkún, ẹ máa fẹ́ ẹ jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fẹ́ tíì gbígbóná. Ó rọ ọmọṣẹ́ ẹwìrì lọ́rùn ju kí ẹ nàró lọ.

Ó ní èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmárale. Kí àyà máa dun èèyàn bí ẹni tí wọ́n gbé òkúta lé, kí ìrora náà lọ sí apá tàbí àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Kí ojú ṣú nígbà eré. Kí ètè dúdú bí aró. Kí ẹ̀jẹ̀ bá ikọ́ jáde. Kí ènìyàn máa mí hẹlẹ lórí ibùsùn, tó jẹ́ pé ìrọ̀rí mẹ́ta ló fi ń sùn, kí ẹsẹ̀ sì wú. Tàbí kí àtẹ̀gùn tó gùn wọ́ọ́rọ́wọ́ lóṣù tó kọjá di òkè ńlá lóṣù yìí. Ilé ìwòsàn ni kí ẹni náà gbà lọ, kó má dúró de àgbo.

Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni mo fún ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ká tó sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òun làwọn dókítà náà ń lò: bí o bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí o kò lè kọrin, iṣẹ́ yẹn ń ṣe ọ́ lóore, bí o kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ, ó ti le, má ṣe é pẹ́. Ilé alájà mẹ́rin ni ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní òun ò ní wọ ẹ̀rọ agbéniròkè mọ́. Ní bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ń gùn ún lọ́wọ́, ó ń ròyìn ọ̀gá rẹ̀ kan tó ń dà á láàmú. Mi ò rántí ohun tí ọ̀gá náà ṣe. Èémí rẹ̀ ni mo ń gbọ́: ní àjà kìíní, ọ̀rọ̀ ń yọ́ bí epo, ní àjà kejì, ó ń dúró níbi tí kọ́mà bá wà, ní àjà kẹta ló sọ pé "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́," tó sì ń mí fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà kó tó parí gbólóhùn náà.